Ẹsẹ Bíbélì Tí Etí Kì í Fẹ́ Gbọ́: Ìkìlọ̀ Nínú Ìgbé-ayé àti Ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ọwọ́ tí àwa onígbàgbọ́ fi ń mú àwọn ẹsẹ Bíbélì tí ó ń kìlọ̀ fún wa. N kò sọ ti àwọn ẹsẹ tí ó ṣòro láti túmọ̀. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè Hébérù àti Gíríìkì ni ìyẹn. Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tí ó yé wa yékéyéké, tí ó sì jẹ́ pé yíyé tí wọ́n yé wa gan-an ni kò jẹ́ kí a fẹ́ gbọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé Jeremáyà, orí 36. Jehóíákímù ọba Júdà jókòó nínú ilé ìgbà òtútù rẹ̀, iná ń jó níwájú rẹ̀, wọ́n sì ń ka ìwé-kíká tí Bárúkù kọ láti ẹnu Jeremáyà sí i létí. Bí wọ́n bá ti ka ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tán, ọba a fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, a sì jù ú sínú iná, títí gbogbo ìwé náà fi jóná tán. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ọba gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó gé e. A kò sì rí i kà pé ó fi ẹ̀rí hàn pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó dùn ún, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ 29 ti fi hàn, ni pé a tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Mẹ́ta nínú àwọn ìjòyè bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe sun ún, kò gbọ́. Jeremáyà sì pe ìwé mìíràn fún Bárúkù, ó fi kún ti àkọ́kọ́.

Ọ̀bẹ yẹn kò bá Jehóíákímù wọ sàréè. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1807, a tẹ Bíbélì kan jáde fún ìlò àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ní àwọn erékùṣù West Indies tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ tí Beilby Porteus, bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, dá sílẹ̀ láti sọ àwọn ẹrú náà di onígbàgbọ́ ni a tẹ̀ ẹ́ fún. Orí 1,189 ni ó wà nínú Bíbélì tí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń lò. 232 péré ni ó wà nínú ti àwọn ẹrú. Ìtàn Jósẹ́fù tí àwọn arákùnrin rẹ̀ tà wà níbẹ̀, nítorí ẹrú tí ó mú sùúrù ni Jósẹ́fù. Ìtàn bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti jáde kúrò ní oko ẹrú Íjíbítì kò sí níbẹ̀. Éfésù 6:5 wà, níbi tí a ti sọ fún ẹrú pé kí ó gbọ́ ti ọ̀gá rẹ̀. Gálátíà 3:28, tí ó ní kò sí ẹrú tàbí òmìnira nínú Kírísítì, kò sí. Ẹ́kísódù 21:16, òfin tí ó dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tí ó bá jí ènìyàn gbé, a yọ ọ́. Jeremáyà 22:13, tí ó kéde ègbé fún ẹni tí ó mú ọmọnìkejì rẹ̀ sìn láìsan owó iṣẹ́ rẹ̀, a yọ òun náà.

Kí á má ṣe rò pé ènìyàn burúkú lásán ni Porteus. Ní 1783 ó ti dìde níwájú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan tí ó ní oko ẹrú tirẹ̀ ní Barbados, ó sì bá wọn wí lójú ara wọn. Ó kórìíra òwò ẹrú, ọdún 1807 náà sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò tú àwọn tí ó ti wà lóko sílẹ̀, àwọn olóko kò sì ní gbà kí a fi ìwé tí yóò la ojú ẹrú lé ẹrú lọ́wọ́. Bí ẹni rere ṣe ń gé ìwé nìyẹn: kì í ṣe láti ba ìwé jẹ́, bí kò ṣe láti rí ọ̀nà gbé díẹ̀ wọlé.

Ohun tí ó jọ mí lójú jù nínú ọ̀ràn yìí ni pé kì í ṣe ẹrú ni àwọn ẹsẹ tí a yọ wọ̀nyẹn ń kìlọ̀ fún. Ọ̀gá ni wọ́n ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì tí ó wà nílé ọ̀gá pé pérépéré, kò sí ewé kan tí ó ya nínú rẹ̀. Ó ń kà á ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. A gé Bíbélì ẹrú kí ó má baà mọ ohun tí Ọlọ́run sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ti ọ̀gá, kò sí ẹni tí ó gé e, nítorí kò sí ìdí tí a ó fi gé e. Etí rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ìwé yẹn jáde, ní 1821, a kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn, a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní 1822 ọkọ̀ ogun ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, a sì gbé ọmọ náà lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ náà ni Àjàyí Crowther. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí ó di odindi ní 1884, wọn kò yọ orí kankan. Láti ọwọ́ ẹni tí a kó lẹ́rú rí ni òfin nípa gbọ́mọgbọ́mọ fi bọ́ sí èdè Yorùbá. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a fi ìkìlọ̀ pa mọ́ fún àwa. Ọ̀ràn tiwa jọ ti ọ̀gá ju ti ẹrú lọ.

Ọ̀nà kan wà tí a ń gbà fo ìkìlọ̀ láìlo ọ̀bẹ. Nínú Ìwé Àdúrà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ti 1662, Kọ́ríńtì Kìíní orí 11, láti ẹsẹ 17 dé 34, ni ẹ̀kọ́ ìwé tí a ń kà ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde. Nínú ètò ìwé kíkà ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní 1969, àti nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì jọ ń lò láti 1992, ẹsẹ 23 dé 26 nìkan ni a ń kà lọ́jọ́ náà. Ohun tí Jésù ṣe sí àkàrà àti ife ní alẹ́ tí a fi í hàn ni ó wà nínú ẹsẹ mẹ́rin yẹn, ó sì dára láti kà. Àmọ́ ohun tí ó mú kí Pọ́ọ̀lù ránnilétí rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ níwájú, ìkìlọ̀ tí ó fi tì í lẹ́yìn sì ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. N kò dá àwọn tí ó ṣètò náà lẹ́bi pátápátá. Kò sí bí a ó ti ka gbogbo Bíbélì tán ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹrù ìbẹ̀rù sì ti wúwo jù lórí àwọn kan tí wọn kì í jẹ́ sún mọ́ tábìlì Olúwa rárá. Síbẹ̀ ẹni tí kò bá ṣí Bíbélì rẹ̀ nílé lè lọ sí ìjọ fún ogójì ọdún kí ó má mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù bínú sí àwọn ará Kọ́ríńtì nítorí oúnjẹ.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìkìlọ̀ jẹ́. Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. A ní èpè, a ní ìhàlẹ̀, a ní ìkìlọ̀, a kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹni tí ó ṣépè fẹ́ kí èpè òun jà. Bí kò bá jà, ó pòfo. Ẹni tí ó halẹ̀ fẹ́ kí a bẹ̀rù òun. Ẹni tí ó kìlọ̀ ń fẹ́ kí ohun tí òun sọ má ṣẹlẹ̀. Jónà kéde ní Nínéfè pé ó ku ogójì ọjọ́ kí ìlú náà parun. Ọba bọ́ aṣọ oyè sílẹ̀, ó jókòó nínú eérú, ìlú kò sì parun mọ́. Ọ̀rọ̀ Jónà kò ṣẹ, nítorí èyí ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Jónà bínú, nítorí pé èpè ni ó gbé lọ sí Nínéfè nínú ọkàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni Ọlọ́run fi rán an. Jeremáyà 18:7 àti 8 sọ ìlànà yìí gbangba: bí orílẹ̀-èdè tí a kéde ìparun fún bá yí padà, Ọlọ́run náà yóò yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Àwọn baba wa tí wọn kò rí Bíbélì kì í ṣe àjèjì sí ètò bẹ́ẹ̀. Nínú ẹsẹ Ifá lóríṣiríṣi, babaláwo a sọ ohun tí ó ń bọ̀, a ní kí ẹni tí ó dífá rúbọ. Òmíràn a rú u, òmíràn a fi babaláwo ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ a sì rí màbo. Ẹni tí ó dàgbà láàárín irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé a ń sọ ohun tí ń bọ̀ fún ènìyàn kí ó lè wá nǹkan ṣe sí i ni. Ibi tí àwọn wòlíì Hébérù ti yà sọ́tọ̀ ni pé wọ́n máa ń kọ ẹbọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Ámósì orí 5 àti Àìsáyà orí 1 kò ní kí wọ́n mú ẹran wá. Wọ́n ní kí a ṣe ẹjọ́ òdodo, kí a sì gbèjà opó àti aláìníbaba. Irú ìkìlọ̀ tí ẹran kò lè yanjú ni ó máa ń ro etí jù.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù tí a fi ń bọ́ lọ́wọ́ ìkìlọ̀, lójú tèmi, ni kí a gbọ́ ọ mọ́ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Nátánì wòlíì sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún Dáfídì lẹ́yìn tí ó ti gba aya Ùráyà tí ó sì ti mú kí wọ́n pa ọkùnrin náà lójú ogun. Ó pa ìtàn olówó tí ó ní agbo ẹran lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ó sì lọ mú àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Ọ̀rọ̀ náà dé inú Dáfídì, kò di odindi. Ó bínú gidigidi, ó sì dá ẹjọ́ ikú fún olówó náà. Ọba mọ òdodo, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́; ẹni tí ẹjọ́ náà kàn nìkan ni kò mọ̀. Ó di dandan kí Nátánì tọ́ka sí i lójú.

Ẹ wo ìwé Málákì bí a ti ń lò ó láàárín wa. Ṣàṣà ni ẹni tí ń lọ sí ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ orí 3, ẹsẹ 8 dé 10, nítorí òun ni a ń kà nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá bá dé. Ègún tí ó wà ní ẹsẹ 9 kì í ro oníwàásù lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 5 ṣáájú ẹsẹ 8 nínú orí kan náà, ohun tí ó sì sọ ni pé Ọlọ́run yóò yára jẹ́rìí lòdì sí àwọn tí ó ń rẹ́ alágbàṣe jẹ nínú owó ọ̀yà rẹ̀, àti àwọn tí ó ń ni opó, aláìníbaba àti àlejò lára. Bí a bá tún padà sẹ́yìn díẹ̀, orí 2 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ sí àwọn àlùfáà fúnra wọn: bí wọn kò bá fi í sọ́kàn, ìbùkún tí wọ́n ń sú ni a ó sọ di ègún. Ìwé kan náà ni, wòlíì kan náà ni. Ìjọ tí ó jẹ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní owó oṣù mẹ́ta lè fi ìdùnnú ka ẹsẹ 8 sókè, kí ó sì ṣí ewé kọjá ẹsẹ 5. Alàgbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tí ó ń sùn kẹ́yìn gbogbo ilé, tí kò sì gba kọ́bọ̀, lè ṣe Àmín sí i láìmi ojú.

Ọ̀rọ̀ Àmín yìí tó bẹ́ẹ̀ láti dúró lé lórí díẹ̀. Nínú Ìwé Àdúrà 1662 tí mo dárúkọ, ìsìn kan wà fún ọjọ́ àkọ́kọ́ Lẹ́ńtì, nínú èyí tí àlùfáà ń ka àwọn ègún tí a fà yọ ní pàtàkì láti inú Deutarónómì orí 27, tí ìjọ sì ń dáhùn Àmín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ègún wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó yẹ ààlà ilẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀, fún ẹni tí ó yí ẹjọ́ àlejò, aláìníbaba àti opó po, fún ẹni tí ó gba rìbá láti pa aláìṣẹ̀. Kì í ṣe orí ẹlòmíràn ni ìjọ ń ṣe Àmín lé. Orí ara wọn ni, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n jẹ̀bi. Ìsìn náà ti di ohun àìlò ní ibi púpọ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo bàbá ìjọ kan nínú ìlú wa tí yóò dìde ṣe Àmín sí ègún nípa ààlà, nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ òun àti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù.

Àmín tí ó ń ròkè jù láàárín wa nísinsìnyí ni èyí tí a ń ṣe sórí ọ̀tá. Sáàmù 109 jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta tí a yọ kúrò pátápátá nínú ìwé àdúrà wákàtí ìjọ Kátólíìkì ní 1971, pẹ̀lú 58 àti 83, nítorí pé ègún inú wọn le jù. Àwa ní tiwa ti fi ṣe àyànfẹ́. N kò sọ pé kò sí ọ̀tá, tàbí pé ẹni tí a ń ni lára kò ní ẹ̀tọ́ láti ké pe Ọlọ́run. Ẹni tí ó kọ sáàmù náà ń ké láti inú ìrora. Ṣùgbọ́n Ísírẹ́lì tí ó kọ Sáàmù 109 sórí ọ̀tá ni ó tọ́jú ìwé Ámósì, tí ó bá òun fúnra rẹ̀ wí, sínú àpótí kan náà. Ẹni tí ó bá mú ìdajì yẹn lọ tí ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ ti gé Bíbélì bí ti 1807, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé rẹ̀ pé.

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá yí ojú ìkìlọ̀ padà sínú ilé wà nínú ìtàn ìjọ wa. Ní 1877, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS fi Àlùfáà James Johnson, ọmọ ilẹ̀ Sàró tí òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá wá, ṣe alábòójútó àwọn ìjọ inú ilẹ̀ Yorùbá, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ó bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá, tí wọ́n ní ẹrú àti ìwọ̀fà. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà ni pé ẹrú ilé wa kò rí bí ẹrú òkè òkun: a ń fún un ní aya, ó ń jẹun pẹ̀lú ọmọ ilé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, Johnson kò sì gbà á. Ó ní ẹni tí Kírísítì rà kò gbọdọ̀ máa ra ènìyàn. Ó tún le koko lórí ìkóbìnrinjọ àti lórí owó ìjọ, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan kò sì fẹ́ sìn lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra. Ní 1880 a mú un kúrò níbẹ̀, ó sì padà sí Èkó. “Holy Johnson” ni àwọn ènìyàn ń pè é. Bóyá ìyìn ni, bóyá ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, ó sì kú ní 1917. Mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ le, pé kò mọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ̀ yọ ọfà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, n kì í rí i pé ẹnì kan sọ pé ẹrú kò sí ní ilé òun.

Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọ̀nà tiwa pẹ̀lú. A lè lo wákàtí kan gbáko lórí ẹni tí ó kọ ìwé Jákọ́bù, lórí ìgbà tí ó kọ ọ́, àti lórí bóyá òun àti Pọ́ọ̀lù bá ara wọn mu, kí agogo sì lù kí a tó dé orí 5, níbi tí owó iṣẹ́ tí a kò san fún àwọn olùkórè ti ń ké jáde. Ẹ̀kọ́ tòótọ́ ni gbogbo ohun tí a sọ, a sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di àlùfáà lọ́la yóò kọ́ lára wa pé orí 5 ni a kì í sábà dé.

Kí á padà sí Kọ́ríńtì, nítorí n kò fẹ́ kí a rò pé nǹkan ńlá tí apá kò ká ni ìkìlọ̀ máa ń béèrè. Inú ilé ni ìjọ ń pàdé nígbà náà, ilé ẹni tí ó rí jájẹ ni yóò sì gba èrò. Àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ tètè ń dé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu títí ọtí fi ń pa àwọn kan. Ebi ń pa àwọn mìíràn. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ebi ń pa wọ̀nyí ni ẹrú àti alágbàṣe, tí kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí ọ̀gá yóò fi dá wọn sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dé, ó di kí a bu àkàrà Olúwa fún wọn lórí ikùn òfìfo, níwájú àwọn tí ó ti yó. Nítorí èyí ni Pọ́ọ̀lù ṣe sọ̀rọ̀ ìdájọ́, tí ó ní ìdí nìyẹn tí àìsàn fi pọ̀ láàárín wọn tí àwọn mìíràn sì ti kú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí ó bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ní kí wọ́n ṣe ní ẹsẹ 33 kò ju kí wọ́n dúró de ara wọn lọ nígbà tí wọ́n bá pàdé láti jẹun.

Láti ka ẹsẹ 17 dé 34 ní Ọjọ́bọ̀ yẹn kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àlùfáà tí ó bá sì kà á dé ìparí lè wo ojú fèrèsé bí ó ti ń ka ẹsẹ 33, kí ó wo ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ ọkọ̀ wa níta, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjọ, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn alàgbà bóyá ẹnì kan ti lọ dúró nípò rẹ̀ kí ó lè wọlé wá jẹun.